"Àǹtí mi, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀": Bí ọpọlọ ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀la, àti ohun tí ìsoríkọ́ ń bà jẹ́ nínú rẹ̀

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọmọ ọdún 29 ni. Káfíńtà ni, ó mọṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ti ń kan àga àti tábìlì n'Ìbàdàn kógbá wọlé lọ́dún tó kọjá, ló bá padà wá sílé l'Óṣogbo. Láti ìgbà náà ni mi ò ti mọ̀ ọ́n mọ́. Kì í sunkún, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì sọ pé ohun burúkú kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í pé kí ló fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, á ní, "Àǹtí mi, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀." Màámi ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Bàbá wa ní ọ̀lẹ ni. Èmi ni mi ò wá rí oorun sùn. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, màá máa rí i kedere bí ẹni pé wọ́n ń pè mí lórí fóònù pé ó ti ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá. Mo ti sọ fún un títí pé kó máa fojú inú rí ara rẹ̀ nínú ilé tirẹ̀ àti mọ́tò tirẹ̀, kó máa fi ẹnu jẹ́wọ́ ẹ̀, ńṣe ló kàn ń wò mí. Ṣé àìsàn ni? Ṣé èmi náà ti ń ṣàìsàn ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ kú àfaradà, ẹ sì kú ìdúró ti àbúrò yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì ní ṣókí. Ohun tí ẹ kọ yìí kò jọ ọ̀lẹ rárá. Ó jọ ìsoríkọ́, àìsàn gidi tó ní ìtọ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà tó bá rí i lójúkojú nìkan ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni. Nígbà tí àbúrò yín sọ pé òun ò rí nǹkan kan, kò ṣàfojúdi sí yín, kò sì fẹ́ kí ẹ bẹ òun. Ohun tí ọpọlọ rẹ̀ ń fi hàn án ló sọ fún yín gan-an. Àwòrán tó ń wá bá ẹ̀yin náà lóru, ibì kan náà nínú ọpọlọ ló ti ń wá, ọ̀nà tó gbà yọ ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé bí ọpọlọ ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀la, torí ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìdí tí ìbéèrè tí ẹ ń bi í kò fi ràn án lọ́wọ́, àti irú èyí tó lè ràn án.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1981, ní Kánádà, ọkùnrin ọmọ 30 ọdún kan tó ń jẹ́ Kent Cochrane ní jàǹbá lórí alùpùpù, ó sì fi orí ṣèṣe púpọ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ń sọ̀rọ̀ já gaara, ó ń ta chess, ó dá àwọn ẹbí rẹ̀ mọ̀, ọgbọ́n orí rẹ̀ kò dín. Ṣùgbọ́n kò lè rántí ohun kan ṣoṣo tó ṣojú òun fúnra rẹ̀ rí. Ó mọ̀ pé arákùnrin òun ti kú, síbẹ̀ kò rántí ibi tó wà nígbà tó gbọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Endel Tulving, tó ń ṣiṣẹ́ ní fásitì Toronto, jókòó tì í, ó sì bi í pé kí ló máa ṣe lọ́la. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ò mọ̀. Ṣé ó rántí ìbéèrè náà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kí ni mo máa ṣe lọ́la. Wọ́n ní kó wá ṣàpèjúwe bí inú rẹ̀ ṣe rí nígbà tó ń gbìyànjú láti rò ó. Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, ó ní ó ṣófo. Ó ní ńṣe ló dà bíi kí èèyàn wà nínú yàrá tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ẹnì kan wá ní kó lọ wá àga wá. Nígbà tí wọ́n bi í nípa àná, ó ní òfo kan náà ni.

Tulving kọ ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1985, ó sì yí ọ̀nà tí àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ń gbà ronú padà. Ṣáájú ìgbà náà, ohun tó yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ìrántí wà fún ohun tó ti kọjá, pé ìrètí àti ètò ọjọ́ iwájú jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀. Ọ̀rọ̀ Cochrane fi hàn pé ẹni tí àná bá pòórá mọ́ lọ́wọ́, ọ̀la rẹ̀ náà ti lọ nìyẹn. Ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀la, ó mọ̀ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ló tẹ̀lé ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n kò lè wọ inú ọjọ́ náà lọ kó wo ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 2007, Demis Hassabis, Eleanor Maguire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù wádìí ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Wọ́n wá àwọn èèyàn 5 tí àìsàn ti ba hippocampus wọn jẹ́, ìyẹn ẹ̀yà ọpọlọ kékeré méjì tó wà nínú lọ́hùn-ún, ọ̀kan níhà etí ọ̀tún, ọ̀kan níhà etí òsì. Wọ́n ní kí wọ́n fojú inú wò ó pé wọ́n sùn sórí yanrìn funfun létí òkun. Ẹni 4 nínú wọn kò lè tò ó pọ̀. Ọ̀kan ní òun ń gbọ́ igbe ẹyẹ, òun ń gbọ́ òkun, òun tilẹ̀ ń mọ yanrìn láàárín ìka ọwọ́ òun, ṣùgbọ́n òun kò rí nǹkan kan ju ojú ọ̀run lọ. Ohun gbogbo wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò di ibì kan. Lọ́dún yẹn kan náà, ní fásitì Harvard l'Amẹ́ríkà, Donna Rose Addis, Alana Wong àti Daniel Schacter kó àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá sínú ẹ̀rọ MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ. Wọ́n ní kí wọ́n rántí ohun kan tó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn, lẹ́yìn náà kí wọ́n fojú inú wo ohun kan tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Púpọ̀ nínú àwọn ibi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ fún èkíní ló ń ṣiṣẹ́ fún èkejì, hippocampus sì wà lára wọn.

Ẹ fi í wé télọ̀ tó ń fi ègé aṣọ rán aṣọ tuntun. Ọpọlọ kì í rí ọjọ́ iwájú, kò sì ní ibi tó ti lè lọ rà á. Ohun tó ní ni ègé ohun tí ojú ti rí, tí etí ti gbọ́, tí ọwọ́ ti bà: ilé àwọn ọ̀rẹ́, òórùn ìrẹsì ọjọ́ ọdún, ohùn ọ̀gá tó yin èèyàn. Ó ń gé wọn, ó ń so wọ́n pọ̀ di ọjọ́ tí kò tíì wáyé. Kì í sì í dúró dìgbà tí a bá ní kó ṣe é. Ní 2001, Marcus Raichle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní St. Louis ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé apá kan wà nínú ọpọlọ tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá jókòó jẹ́jẹ́ tí a kò ṣiṣẹ́ kankan ni òun máa ń ṣiṣẹ́ jù. Apá ibẹ̀ náà la ti wá mọ̀ pé ó ń ṣe púpọ̀ nínú ìrántí àti ìfojú-inú-wò. Ẹ ti rí ìdí tí àwòrán tí ẹ kò fẹ́ fi máa ń yọjú nígbà tí ilé bá dákẹ́ tí iná ti kú.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àbúrò yín.

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ẹni tó sorí kọ́ ń rí ibi níwájú. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí àbúrò yín kò ṣe sọ pé ohun burúkú fẹ́ ṣẹlẹ̀, ẹ kò mọ ohun tí ẹ máa pè é. Láti ọdún 1993 ni Andrew MacLeod àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ọ̀nà kan tó rọrùn yẹ èyí wò. Wọ́n á fún èèyàn ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan kó dárúkọ gbogbo ohun tó ń fojú sọ́nà fún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà lọ́dún tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà fún ọdún 5 sí 10. Wọ́n á tún bi í ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Àwọn tó ti gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara wọn kò dárúkọ ohun ẹ̀rù ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ohun rere ni wọn kò rí dárúkọ. Wọ́n á jókòó, aago á máa lọ, wọ́n á mú ọ̀kan jáde, bóyá méjì, ó tán. Àwọn tí àníyàn ń dà láàmú ni tiwọn yàtọ̀: wọ́n ní ohun rere tí wọ́n ń retí bíi ti gbogbo èèyàn, àmọ́ ohun ẹ̀rù wọn pọ̀. Tí ẹ bá wo ìwádìí yìí dáadáa, àbúrò yín wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.

Ohun kejì tí ìsoríkọ́ ń ṣe kò hàn sí ojú lásán. Mark Williams ló ṣàkíyèsí rẹ̀. Ní 1986, òun àti Keith Broadbent fún àwọn tó ti gbìyànjú láti pa ara wọn ní ọ̀rọ̀ kan, bíi "ayọ̀", pé kí wọ́n sọ ọjọ́ kan pàtó tí ọ̀rọ̀ náà rán wọn létí. Ẹni tí ara rẹ̀ dá á sọ irú ọ̀rọ̀ bíi, "Ọjọ́ tí mo gba fúrídọ̀ọ̀mù, òjò ń rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi fi aṣọ rẹ̀ bo orí mi kí gèlè mi má bàa bà jẹ́." Ẹni tó sorí kọ́ á sọ pé, "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé." Bí ẹ bá ní kó mú ọjọ́ kan, á tún sọ pé, "Nígbà ọdún." Ojú ọ̀rọ̀ ló ń wò, kò wọ inú ọjọ́ kankan. Ní 1996, Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí ìrántí wọn ṣe rí náà ni ọjọ́ iwájú wọn rí: ẹni tí àná rẹ̀ bá jẹ́ gbogbogbòò, tí kò ní ojú, tí kò ní ibì kan, ọ̀la rẹ̀ náà á jẹ́ gbogbogbòò. Télọ̀ náà ṣì wà, ègé aṣọ ni kò tó o lọ́wọ́ mọ́.

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti pa òwe yìí fún un, kó sì ti ní òótọ́ ni. Ó lè gba òwe náà gbọ́ tọkàntọkàn, síbẹ̀ kó má rí ọ̀la kan tó yàtọ̀ sí òní. Ohun tó dà bí àìnígbàgbọ́ lójú ará ilé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti rí i pé ọpọlọ tí kò rí nǹkan mú ni. Bàbá yín ń wo ọmọ tí kò dìde lọ wáṣẹ́, wọ́n ń pè é ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọṣọ jáde lọ síbi tí kò rí rárá? Kí ẹsẹ̀ tó gbéra, ọpọlọ ti kọ́kọ́ débẹ̀ ná, ó ti tọ́ díẹ̀ wò nínú adùn rẹ̀. Bí kò bá débẹ̀, kò sí ohun tó máa fa ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé èyí fún Bàbá ní ọ̀nà tí wọ́n á fi gbọ́.

Ní ti Màámi, n kò ní sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbàdúrà fún ọmọ wọn. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí wọ́n fi ààwẹ̀ jẹ ẹni tí kò jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀ níyà, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, kí wọ́n nà án, tàbí kí wọ́n ní kó má lo oògùn dókítà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé ìtòsí, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn lójú mọmọ, ó sì gbà kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bá òun ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé ló wá kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Ó dùn mí pé Aró yìí kan náà ni a wá fi ń bú ara wa lónìí, bí àwọn ará Èkó ṣe ń fi Yábàá bú ara wọn. Ìtìjú yẹn ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn tó yẹ kó gbàtọ́jú dúró sílé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Àwòrán jàǹbá tó ń wá bá yín lóru kò fi hàn pé ẹ ti ya wèrè, kì í sì í ṣe ìran. Ọpọlọ yín ń fi àwọn ègé tirẹ̀ ṣiṣẹ́, ó kàn jẹ́ pé ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù ló ń yan èyí tó máa mú. Ara kò sì mọ̀ pé àwòrán lásán ni. Ìdí nìyẹn tí àyà yín fi ń lù kìkì tí òógùn fi ń bò yín lórí ibùsùn. Lucas LaFreniere àti Michelle Newman ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn 29 tí wọ́n ní àìsàn àníyàn máa kọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù sílẹ̀ fún ọjọ́ 10, wọ́n wá ń wò ó títí ọjọ́ 30 fi pé bóyá ó ṣẹ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ, ó lé ní 91 nínú 100 tí kò ṣẹ. 2020 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn tó sì rí i kedere pé ti wọn kò ṣẹ ni ara wọn yá jù. Ẹ gbìyànjú ẹ̀: ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ẹ̀rù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì padà wò ó. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìwádìí yìí ní kí ẹ fi ẹ̀rù tó ń bà yín lórí ẹ̀mí àbúrò yín ṣeré. Ìyẹn ní ìdí, mo sì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ilé àti mọ́tò tí ẹ ní kó máa fojú inú rí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ẹ fi sọ ọ́, ibi gbogbo ni wọ́n sì ti ń kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Gabriele Oettingen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń kọ́ni ní New York, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2016, àwọn tó ń fi àlá dídùn nípa ọjọ́ iwájú tu ara wọn nínú, ara tù wọ́n lóòótọ́ lásìkò náà, àmọ́ nígbà tó yá, àmì ìsoríkọ́ wọn ló pọ̀ jù. Ọpọlọ ti jẹ adùn ilé náà tán láì tíì to bíríkì kan, agbára láti dìde sì rọ̀. Shelley Taylor àti Lien Pham ní Los Angeles gbà á ní ọ̀nà mìíràn, ní 1999. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa fojú inú rí ara wọn níbi tí wọ́n ti ń yọ̀ pé àwọn gba máàkì tó ga nínú ìdánwò. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn máa fojú inú rí ara wọn níbi tí wọ́n ti ń kàwé: lórí àga wo, ní wákàtí wo, bí wọ́n ṣe ń pa rédíò. Àwọn tó ń wo ìwé kíkà ni wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, tí wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn tó ń wo máàkì lọ.

Nítorí náà, ẹ dẹ́kun ìbéèrè ọdún tó ń bọ̀. Ìbéèrè náà tóbi jù fún ọpọlọ rẹ̀ báyìí, gbogbo ìgbà tí ẹ bá sì bi í, ẹ ń ní kó lọ wá àga wá nínú yàrá òfo. Káfíńtà ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ gba ẹ̀yìn lọ. Ẹ mú ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá fúyẹ́ díẹ̀, kí ẹ ní kó sọ fún yín nípa àga kan tó kàn tí inú rẹ̀ dùn sí. Igi wo ni? Ta ló gbé e wá? Níbo ló dúró sí nígbà tó ń fi sáńpépà dán an? Kí ni oníbàárà sọ nígbà tó rí i? Bó bá ní "a máa ń ṣe oríṣiríṣi nígbà yẹn," ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ rọra ní, "Mú ọ̀kan." Helen Jing, Kevin Madore àti Schacter ti fi hàn ní 2016 pé bí èèyàn bá kọ́kọ́ fi ara balẹ̀ rántí ohun kan ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, tó wá ronú ìṣòro tó wà níwájú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀nà àbáyọ tó máa rí á pọ̀ sí i. Ẹ̀yin náà lè ṣe é kí ẹ tó sùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá mú un wọ ọ̀la, ọ̀la gan-an, kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀. Ká ní àpótí ìjókòó Màámi ní ilé ìdáná ń mì. Ẹ ní, "Bá mi wo àpótí Màámi lọ́la, tí oòrùn bá ti rọ̀." Ẹ má dúró níbẹ̀. "Kí lo máa kọ́kọ́ mú, òòlù ni àbí ayùn? Níbo lo máa gbé e sí? Abẹ́ máńgòrò? Ẹsẹ̀ wo ló ń mì? Tí Màámi bá wá jókòó lé e, kí lo rò pé wọ́n á sọ?" Á kọ́kọ́ dáhùn ní ṣókí ṣókí. Ẹ ní sùúrù. Ẹ̀yin ń wá igi, ìṣó, òórùn gọ́ọ̀mù àti ohùn Màámi fún ọpọlọ rẹ̀, kó lè rí nǹkan fi rán ọ̀la. Nígbà tó bá ti ṣe é tán, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlàjì, ẹ jókòó tì í kí ẹ bi í bó ṣe rí gan-an sí bó ṣe rò pé ó máa rí. Ẹni tó sorí kọ́ sábà máa ń rò pé kò ní sí adùn kankan níbẹ̀, ó sì máa ń bá díẹ̀ níbẹ̀. Díẹ̀ yẹn ti di ègé tuntun. Bó bá kọ̀ pátápátá, ẹ má bá a jà. Ẹ jẹ́ kó kéré sí i: kó kàn wá wo ẹsẹ̀ àpótí náà kó sọ ohun tó ṣe é.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo ń sọ fún yín. Ní Harare, ní Sìmbábúwè, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà ní bí wọ́n ṣe máa jókòó ti èèyàn lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn, kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti mú ìṣòro kan ṣoṣo, kó yan ọ̀nà kan, kó sọ ìgbésẹ̀ tó máa gbé kí wọ́n tó tún ríra, kó sì padà wá jíṣẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí èèyàn 573, tó jáde ní 2016, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù 6, nǹkan bí 14 nínú 100 àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà ló ṣì ní àmì ìsoríkọ́, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 50 nínú 100 ni lára àwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá wọ̀nyí kì í ṣe dókítà.

Ibi tó le jù ló kù. Ọjọ́ iwájú rere lè ṣófo nínú ọpọlọ ẹni tó sorí kọ́, kí àwòrán ikú rẹ̀ sì hàn kedere. Ní 2007, Emily Holmes, Catherine Crane, Melanie Fennell àti Mark Williams bá àwọn tó ti ronú láti pa ara wọn rí sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn náà ní nígbà tí nǹkan le jù fún àwọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ló ń wá, àwòrán ni: wọ́n ń rí ara wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, tàbí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Aaron Beck, dókítà àrùn ọpọlọ ọmọ Amẹ́ríkà, náà tẹ̀ lé àwọn aláìsàn 207 fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì fi hàn ní 1985 pé bí ìrètí ẹni ṣe gbẹ tó ló tọ́ka sí ẹni tó máa gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ju bí ìsoríkọ́ rẹ̀ ṣe le tó lọ. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò yín sọ, pé òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń gbọ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ bi í. Lónìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ wá ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan wà, ẹ bi í tààrà: "Ṣé ó ti wá sí ọ lọ́kàn rí pé kó o gba ẹ̀mí ara rẹ? Ṣé o máa ń rí i bí àwòrán? Ṣé o ti ronú ọ̀nà tó o máa gbà?" Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù pé bíbéèrè lè fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. A ti wádìí rẹ̀ léraléra. Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé ẹni náà á mí kanlẹ̀, torí ó ti ń dá a gbé. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bú sẹ́kún níwájú rẹ̀, ẹ má wàásù, ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dúpẹ́ pé ó sọ ọ́. Bó bá ti mọ ọ̀nà tàbí ọjọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn ẹ̀fọn, oògùn kòkòrò àti oògùn apakoríko kúrò nílé, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ńlá ti fásitì wà l'Óṣogbo níbẹ̀, òmíràn sì wà ní Ilé-Ifẹ̀. Bó bá ní rárá, ẹ ṣì mú un lọ rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.

Tí wọ́n bá kọ oògùn fún un, kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà míì ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìyàtọ̀ tó hàn, nítorí náà kó má jù ú nù ní ọjọ́ karùn-ún. Láàárín àsìkò náà, ẹ máa bá iṣẹ́ àpótí àti ìbéèrè kéékèèké lọ, torí oògùn lè gbé e dìde láì fi ohun tó máa ṣe hàn án.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun àti bóyá ó ti rù, bóyá ó ń mu ọtí tàbí ohun mìíràn, àti bóyá ẹnì kan nínú ìdílé ti ní irú rẹ̀ rí. Ẹ má gbàgbé èyí: bí ìgbà kan bá wà tí àbúrò yín ń yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tó ń náwó bí ẹni pé kò ní tán, ẹ sọ ọ́, torí ó lè yí irú oògùn tí dókítà máa kọ padà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ tirẹ̀ tán, ẹ sọ ti ara yín náà, ti àìróorunsùn àti ti àwòrán inú òru, lójú dókítà kan náà, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.